Ẹ Yẹ Omi Yín Wò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ń gbé Festac tàbí Amuwo-Odofin l'Ékòó, tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair, mọ irú omi tí mò ń wí. Á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde nínú bòòhóòlù, àmọ́ tó bá fi di àárọ̀, ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì ti pọ́n. Irin inú ilẹ̀ ló pàdé atẹ́gùn, ló dógùn-ún. Níbòmíràn, iyọ̀ ni wàhálà, torí ọ̀sà ò jìnnà. Festac tí ìjọba kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977, tí wọ́n ri páìpù omi mọ́lẹ̀ fún, mẹ́rúwà ló ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò rẹ̀ lónìí.

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ RO (reverse osmosis) tó ń sẹ́ omi ti rí ọjà. Wọ́n á ki ohun kan tó rí bíi báírò bọ inú ife omi yín, nọ́ńbà á yọ, ká ní 380, ẹ̀rù á bà yín. Ohun tó yòrò sínú omi ni nọ́ńbà yẹn ń kà: iyọ̀, kálísíọ́ọ̀mù àti irú wọn. Kò mọ kòkòrò àìsàn rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé gan-an sọ pé omi tí kò bá tíì tó 600 dára lẹ́nu. Omi tí sókàwéè aládùúgbò ń jò sí sì lè fi 150 péré hàn, kó gbé ọmọ yín dé ọsibítù.

Ẹni tó bá ti wọ́n iyọ̀ sí ìgbín rí ti rí ìdajì ọgbọ́n RO: omi ara ìgbín á tú jáde lọ bá iyọ̀. Bí omi ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á gba inú awọ kọjá síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí. RO wá yí i padà. Pọ́ńpù á fipá ti omi oníyọ̀ mọ́ awọ, omi á kọjá, iyọ̀ á kù sẹ́yìn. Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan ló ṣe awọ tó kápá iṣẹ́ náà ní yunifásítì UCLA ní nǹkan bí ọdún 1960. Nígbà tó di 1965, àwọn ará Coalinga ní California ti ń mu omi rẹ̀. Omi iyọ̀ ló kó wọn débẹ̀ o, kì í ṣe omi pípọ́n.

Irin Amuwo á dí awọ inú ẹ̀rọ RO òde òní pa, klórínì á sì jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ irin nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí omi máa já láti òkè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kó gba inú yanrìn kọjá, kí ẹ fi klórínì díẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti RO. Àmọ́ ilé àyẹ̀wò ló lè sọ èyí tó wà nínú omi yín fún yín: irin, iyọ̀, náítréètì, kòkòrò inú ìgbẹ́. Bó bá jẹ́ iyọ̀ tàbí náítréètì ló pọ̀, ẹ ra RO, owó yín ò ṣègbé.

Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rọ inú ilé lè da lítà mẹ́ta nù kó tó fún yín ní ẹyọ kan. Ẹ fa rọ́bà omi ìdànù yẹn lọ sínú tanki ilé ìyàgbẹ́. Gọ́tà Amuwo ti ní omi tó tó o.