Ẹ da omi sí jákẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ tó ra méjìlá

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà lọ fún oníbàárà, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ lónìí. Bí òjò bá ti ń ṣú báyìí, àwọn tó ń ta jákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní "soft shell" a máa gbé e síta. Ohun tí wọ́n á sọ fún yín ni pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi dán an wò fúnra yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, mo ra mẹ́fà fáwọn ọmọ tó ń bá mi gbé ẹrù n'Ìbàdàn. Aṣọ náà wù mí. Kò wúwo, ó ń nà bíi rọ́bà, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí irun àgùntàn. Mo tún kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kọ nǹkan sára aṣọ, wọ́n bá mi fi òwú kọ orúkọ iléeṣẹ́ mi gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó ká àwọn ọmọ yìí mọ́ Dùgbẹ̀, ṣe ni wọ́n rin gbingbin wálé. Rìsíìtì tó wà lápò wọn ti di ẹ̀kọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀yìn gan-an, níbi tí mo tún sanwó lé lórí, lomi ti kọ́kọ́ wọlé. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kọ orúkọ mi ti dá aṣọ náà lu bí ajere.

Ẹni tó tà á fún mi kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, òun náà ò mọ̀ ni. Àwọn tó ń gun òkè nílẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe irú aṣọ yìí fún, afẹ́fẹ́ àti òjò wẹ́liwẹ́li ni wọ́n sì fi ń dènà. Wọ́n fi kẹ́míkà kan pa á lára, òun ló ń jẹ́ kí omi ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ kó sì yí dànù. Àwọn kan tún ní awọ tín-ín-rín láàárín, irú èyí tó di olókìkí lẹ́yìn tí Bob Gore, ará Amẹ́ríkà, ṣàwárí lọ́dún 1969 bí wọ́n ṣe lè na ike kan lójijì títí tí á fi kún fún ihò wínníwínní. Ṣùgbọ́n kódà èyí tó ní awọ náà, wọn kì í sábà lẹ ojú rírán rẹ̀ pa, ibẹ̀ lomi sì ń gbà wọlé.

Ẹ ó rí nọ́ńbà lára lébẹ̀lì rẹ̀, bíi 5,000 tàbí 10,000. Bí wọ́n ṣe ń rí i ni pé wọ́n á máa fi omi ti aṣọ náà, wọ́n á máa fi agbára kún un, títí omi á fi yọ níbi mẹ́ta. 10,000 túmọ̀ sí pé ó lè gba omi tó ga tó mítà mẹ́wàá dúró kó tó jò. Àmọ́ aṣọ pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yìí o! Kò sí síìpù níbẹ̀, kò sí ojú rírán, kò sí orúkọ iléeṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà kejì máa ń sọ bí òógùn ṣe ń jáde sí. Òógùn máa ń jáde dáadáa bí inú aṣọ bá gbóná, tí ìta tutù, tó sì gbẹ. Ní oṣù kẹfà n'Ìbàdàn, ibo ni ìta ti gbẹ?

Lọ́dún yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rà. Mo ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ (kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí o), mo gbé e kọ́, mo sì fi agolo tí mo dá lu nídìí da omi sí i látòkè. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé tó wà níbi èjìká ti rin, ti ibi síìpù náà sì ti ń rin bọ̀. Àyà àti ẹ̀yìn ṣì gbẹ. Mo wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà márùn-ún, mo tún da omi sí i. Omi tó ń ṣù tẹ́lẹ̀ ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, aṣọ sì ń mu ún. Nígbà tí mo ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá, tí mo fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù díẹ̀. Ẹ má fi omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́ rárá.

Ohun mìíràn tún ni epo. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà ti fòfin de kẹ́míkà àtijọ́ tó ń ta omi àti epo dànù lára aṣọ tuntun, nítorí pé kì í tètè pòórá nílẹ̀ àti nínú omi. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ń ta omi, kì í ta epo. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ara ọ̀kadà ṣe máa ń rí.

Mo gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó wọ̀ ọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ ní kùtùkùtù. "Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ ò gún mi láyà lónìí," ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé lọ́sàn-án, tó bọ́ ọ, òógùn ló fi wẹ̀.

Ní tèmi o, ẹ rà á fún afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ àti ọyẹ́. Fún òjò, ẹ ra aṣọ òjò onírọ́bà tí wọ́n lè ká sábẹ́ ìjókòó ọ̀kadà. Orúkọ iléeṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀wù aláìlápá tó ń dán lóru, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lé e lórí. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ da omi sí ẹyọ kan, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Mẹ́ta ni mo padà rà. Àwọn mẹ́fà èṣí ṣì wà nílé, ọ̀kan nínú wọn ni ìyá àwọn ọmọ fi ń nu ilẹ̀.