Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú ní Ṣómólú àti Bàrígà: Ẹ má kù gìrì yọ eyín

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ọ̀rọ̀ yìí bá àìsàn kan mu, èyí tí í máa ń fara pamọ́ sínú egungun àgbọ̀n.

Bí eyín bá ń dun ará Ṣómólú tàbí Bàrígà, ilé kẹ́míìsì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń yà sí. Bí eyín náà bá wá ń mì, wọn a ní kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Àwọn kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú egungun àgbọ̀n wọn ti lọ́ mọ́ra láti inú oyún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú, èrìgì lè máa sun ẹ̀jẹ̀, ojú ibẹ̀ sì lè máa lù kìkì bí àyà. Bí a bá fa irú eyín bẹ́ẹ̀ yọ láìkọ́kọ́ ya fọ́tò egungun, ẹ̀jẹ̀ lè dà débi pé ẹ̀mí yóò bọ́.

Lọ́dún 1982 ni John Mulliken àti Julie Glowacki ní Amẹ́ríkà ya àìsàn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára kókó ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ tí í máa ń sún kì fúnra rẹ̀. Èyí kì í lọ fúnra rẹ̀. Bí ọmọ ti ń dàgbà ló ń dàgbà.

Láyé àtijọ́, wọn a gé egungun àgbọ̀n kúrò, tàbí kí wọ́n so iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn pa. Síso yìí kò tán an, nítorí ẹ̀jẹ̀ a tún wá ọ̀nà mìíràn gbà. Lónìí, dókítà lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan itan dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó sì dí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rọra ṣàn, abẹ́rẹ́ oògùn bíi bleomycin lè mú un sún kì. Ìtọ́jú náà lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àìsàn náà sì lè padà wá. Ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìkan ló yẹ ẹ́.

Ẹ̀ka tó ń tọ́jú egungun àgbọ̀n wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí Fádéyì. Òfin ọdún 2022 sì ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ọmọ iṣẹ́ atẹ̀wé ní Ṣómólú ń jàǹfààní rẹ̀? Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì rí i pé ẹ̀rọ tí ń ya fọ́tò eyín wà nítòsí, kí wọ́n sì dá àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ tí ń yọ eyín lẹ́kun. Eyín ṣeé fi òmíràn rọ́pò, ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.