Kí A Má Lé Ọmọ Padà Sílé Nítorí Búrọ́ọ̀ṣì

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀sán Sátidé ni àwọn ọmọ wa máa ń pé jọ ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ láti kọ́ èdè Yorùbá, àlọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí àpèjẹ ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, a ní kí wọ́n fi bébà ṣe káàdì ìkíni àti ohun ọ̀ṣọ́ tí a ó fi kọ́ ara ògiri. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n a kọ ìwé sí àwọn òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wá, ńlá, àárín àti kékeré. Ọmọ mọ́kànlá ni ó dé láìmú búrọ́ọ̀ṣì kankan lọ́wọ́. A ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn kan nínú wọn kò tíì padà wá títí di òní. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fún wa pé ọmọ mẹ́rin ni òun ní nínú ẹ̀kọ́ náà, àti pé búrọ́ọ̀ṣì méjìlá kọjá agbára òun ní oṣù tí owó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gbogbo ọwọ́ òun tán.

A kò fẹ́ fi ẹ̀bi yìí lé ẹnikẹ́ni lórí. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà ní ìpàdé tí a ti fọwọ́ sí ìwé náà, a kò sì la ẹnu wa. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí a gbọ́ pé a ó mú ọ̀rọ̀ wá sí ìpàdé gbogbogbòò pé kí ilé kọ̀ọ̀kan dá owó búrọ́ọ̀ṣì. Kí ó tó di ọjọ́ náà, a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ èrò wa. A kò fara mọ́ owó dídá yìí. Kì í ṣe pé a kórìíra búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì wá, ohun tí a ó fi ṣe é ti wà nínú ilé olúkúlùkù wa.

Àwọn baba wa ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a rántí adìrẹ ẹlẹ́kọ. Kí ni àwọn ìyá wa ní Ìbàdàn fi ń ya Olókun àti Ìbàdàndùn sára aṣọ? Ìyẹ́ adìẹ ni, àti ẹyọ igi ọwọ̀. Wọn a ro ẹ̀kọ láfún, wọn a fi ìyẹ́ kọ ọnà sára aṣọ funfun, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú aró. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ibi tí ó ti bo aṣọ a ṣì funfun, ibi yòókù a ti dú bí aró. Ní Abẹ́òkúta ńkọ́? Àwọn ọkùnrin a máa gé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní onírúurú ọnà, irú páànù tí wọ́n ń tẹ́ sínú àpótí tíì láti òkè òkun, wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a fi ẹ̀kọ fa ojú rẹ̀. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, irú páànù bẹ́ẹ̀ náà ni a fi ṣe aṣọ tí a ń pè ní Júbílì. Kò sí ẹni tí ó lé àwọn ìyá wọ̀nyí padà sílé nítorí pé wọn kò ní búrọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ohun àtijọ́ tí ó ti parẹ́ ni èyí, kí ó wo Ìyáàfin Nike Òkúndaye, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Àríwá nígbà tí a bí i ní 1951. Iṣẹ́ adìrẹ ni ó gbé e dé iwájú gbogbo ayé.

Kí a tilẹ̀ wo àyíká wa níhìn-ín. Ní ọ̀pọ̀ ilé kéwú ni ọmọ ń fi kálàmù tí a gé láti ara igi kọ̀wé sórí wàláà, tí tàdáà rẹ̀ sì jẹ́ èédú tí a pò. Bí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, a fọ wàláà náà, a tún bẹ̀rẹ̀. Láàrin àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti jáde. Ní Zaria kan náà, ní 1958, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Zaria Art Society. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n dúró lé ni pé kí ènìyàn kọ́ ọgbọ́n àlejò, ṣùgbọ́n kí ó má da ọgbọ́n ilé rẹ̀ nù. Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn.

Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnu lásán ni a ní, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ṣe ń ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ilá tí ó ti gbó. Bí a bá gé e ní ìbú, tí a tì í bọ ọ̀dà, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, yóò ya ìràwọ̀ onígun márùn-ún. Ìdí àlùbọ́sà náà yóò ya òrùka nínú òrùka. Ọ̀dà tí a fi ń tẹ nǹkan báyìí gbọdọ̀ ki díẹ̀. Bí ó bá ṣàn jù, àmì rẹ̀ yóò fẹ̀, yóò sì dàrú.

Èkejì, ṣùkù àgbàdo. Ẹ fi ọ̀dà pa á lára, ẹ sì yí i lórí bébà bí ẹni ń yí ọlọ. Yóò ya tótòtó lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹ̀wù àwòdì. Kànìnkànìn tàbí ọ̀rá tí a rún mọ́wọ́ dára fún ojú ọ̀run àti ewé igi.

Ẹ̀kẹta, ewé dóńgóyárò tí ó kún àgbàlá wa. Ẹ tẹ́ ewé náà sórí bébà, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó bọ ọ̀dà, ẹ fi àtàǹpàkò fa irun rẹ̀ sẹ́yìn kí ọ̀dà fọ́n ká bí ìrì. Bí ẹ bá ká ewé kúrò, àwòrán rẹ̀ yóò kù ní funfun. Ọgbọ́n páànù Abẹ́òkúta kọ́ ni èyí bí?

Ẹ̀kẹrin, òwú. Ẹ rẹ òwú gígùn kan sínú ọ̀dà, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdajì bébà, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ẹ ṣẹ́ bébà náà po, ẹ fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa òwú náà jáde. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí ohun tí ó dà bí òdòdó lápá méjèèjì, ọ̀kan bí èkejì.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ kán ọ̀dà tí ó ṣàn sórí bébà, kí ọmọ fi ọ̀pá náà fẹ́ ẹ. Yóò yà bí ẹ̀ka igi. Kí ó fẹ́ ni o, kí ó má fà á sẹ́nu. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ ìlà tínrín, kí ó run pákò títí ẹnu rẹ̀ yóò fi já bí irun. Búrọ́ọ̀ṣì mìíràn wo ni ó tún ń wá? Ṣùgbọ́n kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lo tirẹ̀, kí a má pín pákò lò.

Ẹ̀kẹfà ni a fẹ́ràn jù, nítorí pé adìrẹ lórí bébà ni. Kí ọmọ fi àbẹ́là kọ ọnà sórí bébà funfun, kí ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí ó wá fi kànìnkànìn pa ọ̀dà aláwọ̀ aró tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ sórí gbogbo bébà náà. Àbẹ́là kò ní jẹ́ kí omi mú un, ọnà yóò sì yọ ní funfun.

Èkeje, ẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Ẹ po ife láfún kan tí a ti sẹ́ mọ́ ife omi mẹ́fà, ẹ rò ó lórí iná títí yóò fi dà bí ògì mímu, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì po ọ̀dà mọ́ ọn. Ẹ fi pa bébà tí ó tutù díẹ̀, kí ẹ wá fi òòyà tàbí fọ́ọ̀kì wọ́ ojú rẹ̀ ní wínníwínní. Ibi tí eyín òòyà bá gbà yóò mọ́lẹ̀. Ní Herrnhut ní Jámánì, àwọn obìnrin ìjọ Moravian ṣe irú bébà ẹlẹ́kọ bẹ́ẹ̀ fún èèpo ìwé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ̀kọ ni òyìnbó náà fi ṣe tirẹ̀! Ìkìlọ̀ kan wà níbí: àwọn aládìrẹ mìíràn máa ń po copper sulphate mọ́ ẹ̀kọ wọn kí ó má baà bàjẹ́. Májèlé ni. Kí ó má ṣe dé ọwọ́ ọmọdé.

Ọ̀dà pàápàá, a lè dín owó rẹ̀ kù. Èédú lílọ̀ ń bẹ, osùn ń bẹ, atalẹ̀ pupa ń bẹ. Omi ìṣápá tí àwọn ará ibí ń pè ní zobo pupa fòò. Bí ẹ bá kán omi kán-ún sí i, yóò yí padà di aláwọ̀ aró tàbí ewé. Òótọ́ ni pé oòrùn yóò mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá, nítorí náà káàdì ni kí a fi ṣe, kí a má fi ṣe ohun tí a ó gbé kọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, kí a tètè bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ọ̀dà má baà gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́, kí a sì fi òkúta tẹ igun bébà mọ́lẹ̀ kí ó má baà ká. Ìyẹ́ adìẹ, kí a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a sá a sóòrùn kí a tó lò ó.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní oúnjẹ ni a fẹ́ fi ṣeré. Rárá o. Ilá tí ó ti gbó tí kò ṣeé jẹ, ìdí àlùbọ́sà tí a ó dànù, ṣùkù tí a ti jẹ àgbàdo rẹ̀ tán ni a ń sọ. Ife láfún kan yóò sì tó fún gbogbo kíláàsì. Àwọn mìíràn yóò ní ohun ìtìjú ni, pé àwọn ẹ̀yà mìíràn yóò rò pé òtòṣì ni wá. Ìtìjú wo ni ó ju pé kí ọmọ wa dúró lẹ́yìn fèrèsé, kí ó máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹlòmíràn yóò sì ní ọmọ gbọ́dọ̀ mọ búrọ́ọ̀ṣì í lò. Òótọ́ ni èyí, a kò jiyàn. Ohun kan wà tí ìyẹ́ kò lè ṣe bí búrọ́ọ̀ṣì. Kí ẹgbẹ́ ra díẹ̀, kí ó wà nínú àpótí gbọ̀ngàn, kí gbogbo ọmọ máa lò ó ní tẹ̀létẹ̀lé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù kò tíì jáde lẹ́nu wa. Ọ̀kan nínú wa ní kí ọmọ kan, tí a bí sí ìlú yìí, lọ mú ṣùkù àgbàdo wá láti ẹ̀yìn ilé. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. Ó ní kí ó mú òòyà wá, ọmọ náà bi í léèrè bóyá nǹkan jíjẹ ni. Ẹ̀yin ará wa, Haúsá ni àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ní òpópónà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ibo ni ó kù fún Yorùbá bí kò ṣe ilé ìdáná àti àgbàlá? Bí a bá rán ọmọ lọ ra búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni yóò mú bọ̀. Bí a bá rán an lọ wá ìyẹ́, ṣùkù, òòyà, kànìnkànìn, láfún àti osùn, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni yóò kó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì di orúkọ kọ̀ọ̀kan mú. Èdè tí ọwọ́ bá di mú kì í tètè bọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ilé kan sì wà tí ó ju ti bíríkì àti páànù lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí a fi owó dídá fún búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì fi ìwọ̀nba owó ra bébà. Kí àwọn ìyá àgbà tí ó mọ adìrẹ láàrin wa wá kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé kan lóṣù. Kí akọ̀wé àti ìyálóde sì lọ sí ilé àwọn ọmọ tí a lé, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún àwọn òbí wọn pé a ṣì í ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ padà wá. Àwa tí à ń kọ èyí yóò bá wọn lọ, nítorí ọwọ́ wa wà níbẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn gbé e láti orí pẹpẹ. Olúwa yóò dá wa sí ní àjò, yóò sì mú wa dé ilé láyọ̀. Ire o.