Fíríìjì Olóbọ́tìnì Àtijọ́ Kò Yẹ fún Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Mọ́

Nígbà tí ìyá kan bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ohun mẹ́ta ló gbẹ́kẹ̀ lé: pé oògùn wà nílẹ̀, pé nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, àti pé oògùn náà ṣì ní agbára tí wọ́n fi ṣe é. Ìyá náà lè fojú ara rẹ̀ rí méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta kò hàn sí i, nítorí pé ọwọ́ fíríìjì tó wà ní igun yàrá ló wà. Níbi tí fíríìjì náà bá ti jẹ́ ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí bọ́tìnì rẹ̀ láti darí òtútù, ìgbẹ́kẹ̀lé ìyá náà lè di asán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Òfin ìpamọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ṣòroó kọ́ sórí. Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, inú fíríìjì kò gbọdọ̀ tutù kọjá dígírì 2, kò sì gbọdọ̀ gbóná kọjá dígírì 8. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ooru máa ń ba oògùn jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òtútù àpọ̀jù náà ń bà á jẹ́, àti pé ìbàjẹ́ tirẹ̀ ló ṣòroó rí jù.

Oògùn èéyi àti ti ibà pọ́njú kì í bàjẹ́ bí òtútù bá mú wọn dì. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti abẹ́rẹ́ tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, ti àrùn mẹ́dọ̀wú, ti òtútù àyà, àti abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ń dènà àrùn márùn-ún papọ̀, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2012. Èròjà inú àwọn wọ̀nyí so mọ́ egunrín iyọ̀ alumíníọ̀mù tó kéré jọjọ. Bí oògùn náà bá dì, àwọn egunrín yìí á ṣù pọ̀. Bí ó bá sì tún yọ́, wọn kì yóò tú ká bí i ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ìgò náà lè dà bí èyí tí nǹkan kan kò ṣe. Nọ́ọ̀sì á fà á sínú abẹ́rẹ́, ọmọ á ké, wọn á kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, síbẹ̀ ara ọmọ náà kò ní rí ààbò tó tọ́ sí i gbà. Àmì tó wà lára ìgò, èyí tó máa ń ṣókùnkùn bí ooru bá ti pọ̀ jù, kò lè sọ ohunkóhun nípa òtútù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ti wọlé. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bọ́tìnì fíríìjì àtijọ́, láti 1 dé 5 tàbí dé 7, kì í ṣe ìwọ̀n dígírì. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó sọ fún ẹ̀rọ náà bóyá kó sinmi kíákíá tàbí kó ṣiṣẹ́ pẹ́. Ohun tó sì ń bá bọ́tìnì náà ṣiṣẹ́ sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí yìnyín ti ń dì, kì í ṣe láàárín àwọn ìgò oògùn. Nítorí náà, ohun tí òun mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oògùn.

Ẹni tó bá mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe ní Nàìjíríà yóò mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e. Iná lọ láti òwúrọ̀, oòrùn mú ganrín-ganrín, òṣìṣẹ́ ìlera rí i pé inú fíríìjì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Pẹ̀lú inú rere, ó yí bọ́tìnì sókè kí òtútù lè pọ̀. Ó kú iṣẹ́, ó lọ sílé. Ní òru, iná dé, kò sì lọ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ó bá wá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, tí yàrá fúnra rẹ̀ ti tutù, àwọn ìgò tó wà nítòsí yìnyín lè dì kí àkùkọ tó kọ. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa nínú ìtàn yìí. Irinṣẹ́ tí wọ́n gbé lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ ni kò bá iṣẹ́ mu.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé láàárín ìdá 14 sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn fíríìjì tàbí ẹrù tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti jẹ́ kí òtútù tó lè mú oògùn dì kan abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn fíríìjì tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí ń díwọ̀n òtútù fúnra wọn, wọ́n sì ń dì í mú sí ibi tó yẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan. Àwọn kan ní yìnyín yíká inú ara wọn, èyí tó ń mú kí wọ́n tutù pẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Àwọn mìíràn ń lo agbára oòrùn tààrà láìlo bátìrì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè pa oògùn mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, bí oòrùn kò bá ràn. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n ń fi sáàárín oògùn, tó ń kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ó bá tutù dé ìwọ̀n dígírì 0.5 sísàlẹ̀ òdo fún wákàtí kan, tàbí tó gbóná kọjá dígírì 8 fún wákàtí mẹ́wàá, yóò fi àmì ìkìlọ̀ hàn.

Àwọn kan yóò sọ pé owó rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni pé kò pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n oògùn tí fíríìjì tí kò dára bá bàjẹ́, owó ni. Àìsàn ọmọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, owó ni. Láti ọdún 2016 ni àjọ Gavi ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ lórí ríra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó jàǹfààní. Ohun tó kù sí ọwọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí wọ́n ka ilé ìwòsàn tó ṣì ń lo ti àtijọ́, kí wọ́n pààrọ̀ wọn, kí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí yóò máa tún wọn ṣe. Ẹ̀rọ tí kò ní alátùn-únṣe, àpótí lásán ni yóò dà lọ́jọ́ iwájú.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi gbọdọ̀ falẹ̀ tún wà níbòmíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà á. Òtútù àpọ̀jù sì ń ba òun náà jẹ́. Bí ẹyọ kan yẹn bá ti dì kó tó dé apá ọmọ, kò sí èkejì tí yóò bò ó láṣìírí. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003, nígbà tí àhesọ mú kí ìpínlẹ̀ Kánò àti àwọn mìíràn ní Àríwá dá oògùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Níbi tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ tó sì tún kó àrùn kan náà yóò sọ̀rọ̀ ju ìpolongo ọgọ́rùn-ún lọ.

Kí fíríìjì tuntun tó dé, nǹkan wà tí òṣìṣẹ́ ìlera lè ṣe. Kí wọ́n má ṣe yí bọ́tìnì nítorí pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí pé ọ̀sán gbóná; ìwọ̀n òtútù àárọ̀ kùtùkùtù ni kí wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Kí wọ́n gbé àwọn oògùn tí kò fẹ́ dídì jìnnà sí ibi yìnyín. Kí wọ́n ka òṣùwọ̀n ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Bí wọ́n bá fura sí ìgò kan, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú irú rẹ̀ kan dì, kí wọ́n jẹ́ kó yọ́, kí wọ́n mi méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì gbé wọn kalẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti èyí tí wọ́n fura sí kò bá lọ́ra láti rọ̀ sísàlẹ̀ ju ti èkejì lọ, ó ti bàjẹ́, kò sì yẹ kó kan ara ọmọ.

Ẹ̀rọ tuntun náà kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí pé ìkìlọ̀ tí kò sí ẹni tó kà á kò yàtọ̀ sí àìsí rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìjọba fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ oògùn ní irinṣẹ́ tí yóò sọ òótọ́ fún un.