Ẹ Bèèrè Ọjọ́ Tí Wọ́n Ya Àwòrán

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ni mo ń bá wí lọ́sẹ̀ yìí.

Bí wọ́n bá fi àwòrán satẹ́láìtì hàn yín lórí fóònù, tí wọ́n ní, “Ẹ wò ó, igbó ni, kò sẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀,” ẹ má tíì tú àpò. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n yà á. Àwòrán Google Earth kì í ṣe ti òní. Ó lè ti lo ọdún mélòó kan, wọ́n sì ń so ti ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ bí ẹní rán àkísà. Igbó inú àwòrán lè ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Dídán wọn kò dọ́gba. Nínú àwòrán Landsat ti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tó gùn ní mítà 30, tó sì fẹ̀ ní mítà 30, àmì kan ṣoṣo ni. Ilé yín kò lè hàn níbẹ̀. Sentinel-2 ti Yúróòpù sàn jù ú, mítà 10 ni tirẹ̀, ó sì ń padà wá ní nǹkan bí ọjọ́ 5 síra wọn. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò, ìkuukùu ni yóò máa yà.

Èmi kò ní kí ẹ má wò ó. Google Earth ní àyè tí ẹ ti lè wo àwòrán ọdún àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n àwòrán kò mọ ààlà, kò mọ onílẹ̀. Ẹ mú awọnlẹ̀ dání, kí ẹ fẹsẹ̀ yín tẹ ibẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.