Táyà ńlá dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ oògùn kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ ni. Ẹ má bi mí pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú táyà. Àwọn tí táyà bá bẹ́ mọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá.

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló dá mi dúró nígbà tí mo lọ ra èlùbọ́ ní Ọjà Igbó. Bàbá ní Hilux kan tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́ wálé láti oko, òun náà ni wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ sílé ìwé. Bí òjò bá ti rọ̀, ọkọ̀ náà á rì sínú ẹrẹ̀. Ọmọ wọn wá ní kí wọ́n yọ táyà tó bá ọkọ̀ wá, kí wọ́n fi èyí tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ síbẹ̀, èyí tí ojú rẹ̀ ní kókó gbàǹgbà-gbàǹgbà. Bàbá ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò léwu báyìí?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo títóbi yẹn. Ká ní ohun tí wọ́n kọ sára táyà yín ni 265/65R17. 265 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 17 sì ni ìwọ̀n rímù. Bí ẹ bá gbé 265/70R17 sí i, ọkọ̀ á fi nǹkan bíi mìlímítà 13 ga sí i. Ìyẹn kò tó ohun tí ìyá àgbà kò fi ní lè wọkọ̀. Yóò di ẹrẹ̀ mú dáadáa. Ṣùgbọ́n bí aago bá sọ pé 100 lẹ ń sá, ẹ ti lé ní 103. Epo á máa lọ díẹ̀ sí i, táyà á máa pariwo lórí ọ̀dà, bí òjò bá sì ti pa ọ̀dà, ọkọ̀ lè má tètè dúró. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì yí sítíárìn dópin lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí ẹ wò ó bóyá táyà ń ha ara ọkọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀, kí èyí tí ẹ ń gbé pamọ́ náà sì bá wọn dọ́gba.

Títóbi díẹ̀ yìí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ọdún 2022, wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá bá wa lálẹ́ láti ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Egungun ìbàdí wọn ti dá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n jókòó sí, lórí àpò gàrí, nígbà tí táyà bẹ́. Awakọ̀ ń sunkún pé táyà tuntun ni, pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòun rà á. Àbúrò rẹ̀ mú àfọ́kù táyà náà wá lọ́jọ́ kejì. Kókó ojú rẹ̀ ṣì ga, ó ń dán. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT ni 0811: ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Bí arúgbó bá pa irun láró, arúgbó náà ni. Ìyá yẹn kò tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sọ́jà mọ́.

Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà láìpẹ́ lẹ́yìn náà, òkè òkun ni a ti ń kó táyà wá, tọ́kúnbọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin yẹn fúnra yín. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ tún wo nọ́ńbà ẹrù tó tẹ̀ lé ìwọ̀n táyà. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 1,120. 100 kò lè gbé ju kílò 800 lọ. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó.

Afẹ́fẹ́ ló kù. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí fọ́kánáísà fi géèjì wò ó. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó á máa gbóná, ara rẹ̀ á sì máa tú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, Firestone pe táyà tó tó mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ojú wọn ń bó lórí eré. Nílé wa níbí, ní oṣù Kẹta ọdún 2016, táyà tó bẹ́ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja ló fa ìjàǹbá tó pa mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn.

Bí táyà bá bẹ́ mọ́ yín, ẹ má tẹ bíréèkì gìrì. Ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin, ẹ má fún ọkọ̀ níná mọ́, ẹ jẹ́ kó rọra dínwọ́ eré fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni kó de bẹ́líìtì, ẹni ẹ̀yìn náà. Ẹ̀gẹ́ ni kó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe ìyá àgbà.

Ohun tí mo sọ fún bàbá nìyẹn. Wọ́n ní àwọn á lọ ka nọ́ńbà táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àwọn ná. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ ka tiyín lónìí. Ó dìgbà kan ná o.