Ọparun Tó Ń Rìn Kò Mọ Ààlà

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ẹnìkan dábàá pé dípò ká fi búlọ́ọ̀kù mọ ọgbà yí ilẹ̀ ẹgbẹ́ ká, ká kúkú gbin ọparun. Ó ní owó sìmẹ́ǹtì ti ga jù, àti pé ọparun a máa tutù yọ̀yọ̀ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, á sì bu ẹwà kún ilẹ̀. Àtẹ́wọ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà fẹ́ ọparun. Ṣùgbọ́n ká tó dáwó, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ọparun wo?

Ti ọ̀dọ̀ wa, tí à ń rí létí odò láti Òṣogbo dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ojú kan ló ń gbé. Ọmọ rẹ̀ a máa yọ nítòsí ìyá, ìdí rẹ̀ á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó pupa rúsúrúsú, tó ní ìlà aláwọ̀ ewé lára, tí wọ́n ń gbìn síwájú òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Òmíràn wà tó ti Ṣáínà wá, tí àwọn òyìnbó ń gbìn fún ẹwà. Phyllostachys ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn kì í dúró. Á máa rìn lábẹ́ ilẹ̀, á gba abẹ́ ọgbà kọjá, á sì yọrí lágbàlá ẹlòmíràn. Bí òṣómàáló ló rí: á lóṣòó sílé onílé, kò ní dìde. Òṣómàáló tiẹ̀ wá gbowó rẹ̀ ni. Èyí, a ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀!

Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín á gbẹ́ kòtò yí i ká, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 2, á sì ki rọ́bà líle bọ̀ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣòfin lọ́dún 2013 pé ẹni tó bá gbìn ín tó sì wọ ilẹ̀ aládùúgbò, òun ni yóò san owó ohun tó bá bàjẹ́.

Ilẹ̀ tiwa ti di púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá ń jà nítorí ọparun, ta ni wọn ó gbẹ́jọ́ wá bá? Akọ̀wé ni!

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ká ṣe nìyí. Ẹ má ra ọparun lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ irú èyí tó ń tà. Ẹ jẹ́ ká gbin ti ọ̀dọ̀ wa sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, létí odò, níbi tí àgbàrá ti ń wọ́ erùpẹ̀ lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ á di ilẹ̀ mú. Ká má gbìn ín mọ́ ara ilé, nítorí ìdí rẹ̀ ń fẹ̀. Bó bá dàgbà, èyí tó ti lo ọdún 3 ni ká máa gé, ká fi ọmọ sílẹ̀. Bíríkìlà ń wá a láti fi ti dẹ́kìn, owó á sì wọ àpò ẹgbẹ́. Ní ti ààlà, ẹ jẹ́ ká máa fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀ bí agbára bá ṣe ká a. Ká sì kọ ọ́ sínú òfin wa pé ẹni tó bá gbin ohunkóhun tó wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn, òun ni yóò hú u.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ wá sípàdé tó ń bọ̀, ká dìbò lé e lórí.

Akọ̀wé yín.